Ọjọ́ méjì láàárín Èsìẹ́ àti Ìlọrin: ìdáhùn fún akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti Kétu

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ Kétu ni mí, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Yunifásítì kan ní Ìlọrin ni mo ti ń kàwé, oṣù kẹta mi rèé. Àwa márùn-ún la jọ ń rìn ní kíláàsì wa: èmi, ọmọ Gánà kan, ọmọ Kamẹrúùnù kan, àti ọmọ Èkó méjì tí wọn kò dé apá ibí rí. Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, tí a bá ti jáde ní kíláàsì, a fẹ́ lọ wo ìlú títí di alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ibi tí a kọ sílẹ̀ ni Èsìẹ́, òṣọ̀ọ̀rọ̀ omi Òwú, ihò àpáta Òdò-Ọwá, Jẹ́bà àti Ìlọrin fúnra rẹ̀. Ṣé ó ṣeé ṣe? Ọ̀kan nínú wa ní òun kò ní wọ ibi tí ère wà, pé ìbọ̀rìṣà ni. Òmíràn ní ìtàn pé èèyàn ló di òkúta ní Èsìẹ́ kò bọ́gbọ́n mu, wọ́n sì ti fà á títí. Mo tún fẹ́ ra nǹkan tí màá mú lọ fún ìyá mi. Kí ni ìmọ̀ràn yín?

Ìdáhùn:

Ọmọ mi, o kú àjò. Inú mi dùn pé o béèrè kí ẹ tó gbéra. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá rin ìrìn náà tán, tó ti rẹ̀ wọ́n, tí owó sì ti tán, ni wọ́n tó ń bi mí níbi tó yẹ kí wọ́n lọ.

Kí n tètè sọ èyí tí kò ní dùn mọ́ yín. Ibi márùn-ún yẹn kò ṣeé lọ láàárín ọjọ́ méjì. Ẹ wo bí wọ́n ṣe fọ́n ká: Jẹ́bà wà lápá àríwá, létí odò Ọya. Èsìẹ́ wà lápá gúúsù, nílẹ̀ Ìgbómìnà. Òdò-Ọwá tún wà níwájú, lọ́nà Èkìtì. Òwú ní tirẹ̀ wà nínú igbó, níbi tí ọkọ̀ kì í lè yára. Bí ẹ bá ní dandan ni kí ẹ dé gbogbo rẹ̀, inú ọkọ̀ lẹ ó ti jẹun, inú ọkọ̀ lẹ ó ti sùn, fọ́tò ẹ̀gbẹ́ pátákó orúkọ ìlú sì ni ẹ ó mú bọ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kó akẹ́kọ̀ọ́ rìn ní Kwara yìí. Nígbà tí mo bá pàdé wọn lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kò sí èyí tó máa ń ka iye ìlú tí a dé fún mi. Ìyá kan tó fún wọn lómi mu ni wọ́n ń rántí, tàbí ojú ère kan ṣoṣo tí kò kúrò lọ́kàn wọn. Nítorí náà, ibì méjì ni mo yàn fún yín: Èsìẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, Ìlọrin lọ́jọ́ Àìkú. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ fọṣọ, ẹ ra omi, ẹ tètè sùn.

Mo mọ̀ pé Òwú ni yóò dùn yín jù, pàápàá ní àsìkò tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀ báyìí tí omi rẹ̀ kún. Ó dára lóòótọ́. Láti òkè àpáta wá sílẹ̀ tó nǹkan bí mítà 120, èèyàn á sì ti máa gbọ́ ariwo rẹ̀ kí ó tó fojú kàn án. Bí ẹ bá súnmọ́ ọn, ìrì omi náà á ti rin yín gbingbin kí ẹ tó kan odò rárá, òtútù rẹ̀ sì máa ń wọ egungun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Lọ́dún kan, mo kó akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlá lọ síbẹ̀. Aago méje ni mo ní ká gbéra, ẹnì kan pẹ́, mo ní ká dúró dè é. Táyà tún jò lọ́nà. Ìgbà tí a fi dé Ọwá-Kajọlà, ìlú tí òṣọ̀ọ̀rọ̀ náà wà, aago mẹ́rin ti kọjá. Ó yẹ kí n ní ká padà, ṣùgbọ́n ojú wọn ń dán, mo sì ṣàánú wọn. Ilẹ̀ ṣú mọ́ wa nínú igbó. Ọmọbìnrin kan yọ̀ lórí òkúta, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló pọ̀n ọ́n jáde ní ìkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iná fóònù tí bátìrì rẹ̀ ti fẹ́ kú. Èmi ni àgbà ibẹ̀, èmi ni mo jẹ̀bi. Mi ò gbàgbé bí ọmọ náà ṣe ń bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ìyá òun.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ ju ti kí ilẹ̀ ṣú lọ. Àwọn ajínigbé ti ṣọṣẹ́ ní gúúsù Kwara, igbó ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn níbi tí Òwú wà sì jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí ọkàn ará ìlú kò balẹ̀ sí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Erúkù, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní Kwara níbí, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ olùjọsìn lọ sínú igbó kí wọ́n tó rí wọn gbà padà. N kò sọ èyí láti fi dẹ́rù bà yín. Ọmọ ọlọ́mọ ni yín, ẹ sì jìnnà sílé. Ẹ fi Òwú sílẹ̀ báyìí, ẹ fi Òdò-Ọwá náà sílẹ̀. Òkúta kì í sá lọ. Jẹ́bà lè dúró de ìparí ọ̀sẹ̀ mìíràn tí ẹ ó ti yà sọ́tọ̀ fún un.

Èsìẹ́ náà, ẹ kò gbọdọ̀ kàn gbéra lọ. Ẹ wá ọmọ Èsìẹ́ tàbí ọmọ Ìlúdùn kan ní yunifásítì yín, ẹ kò ní wá a tì. Kí ó bá yín pe ilé, kí ó béèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ náà, kí ó sì béèrè bóyá mùsíọ́ọ̀mù yóò ṣí ní Sátidé yẹn. Láàárọ̀, ẹ tún bi àwọn awakọ̀ ní gáréèjì, torí etí wọn ló kọ́kọ́ ń gbọ́. Bí wọ́n bá mi orí, ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ padà, kí ẹ fi ọjọ́ méjèèjì wo Ìlọrin, kò ní tó yín. Bí wọ́n bá ní kò séwu, ẹ kọ orúkọ yín, nọ́ńbà ọkọ̀ àti ibi tí ẹ ń lọ sílẹ̀ fún ẹnì kan ní ilé tí ẹ ń gbé. Ìwọ àti àwọn méjì tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè, ẹ mú ẹ̀dà ìwé ìrìnnà yín àti káàdì ilé-ìwé dání, kí ẹ fi ojúlówó rẹ̀ sílé. Bí ọlọ́pàá bá dá yín dúró, ẹ kí wọn, kí ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀.

Gáréèjì Ọ̀fà ni ẹ ó ti wọkọ̀. Ẹ lè wọ èyí tó ń kó èrò ní kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n márùn-ún lẹ jẹ́, bí ẹ bá ṣátà ọkọ̀ kan lọ àti bọ̀, ọkàn yín á balẹ̀ jù, torí awakọ̀ á dúró dè yín. Ẹ dúnàádúrà tán kí ẹ tó wọlé. Ẹ sọ ọ́ kó yé e pé aago méje lẹ ń lọ, àti pé aago méjì ọ̀sán lẹ ń kúrò ní Èsìẹ́, bí ẹ wò tán, bí ẹ kò wò tán. Ẹ yan ẹnì kan tí yóò ṣe akápò, kí gbogbo yín dáwó sọ́dọ̀ rẹ̀, kí ó sì ní owó wẹ́wẹ́ lọ́wọ́. Tiransífà máa ń kọ̀ láti wọlé nígbà tí a bá nílò rẹ̀ jù.

Ọ̀nà náà yóò mú yín gba Gánmọ̀ àti Ìdófìan, kí ẹ tó yọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo. Níbẹ̀ lẹ ti wọ ilẹ̀ Ìgbómìnà. Bí àgbàlagbà kan bá wà nínú ọkọ̀, ẹ bi í bí wọ́n ṣe gba orúkọ Ìgbómìnà. Á sọ fún yín pé ọmọ Odùduwà kan gba àdá kan lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, Ògbó lorúkọ àdá náà, àdá yìí ló ń la igbó tó sì ń fi ọ̀nà hàn án, ni wọ́n fi ní Ògbó mọ̀nà. Mo fẹ́ràn kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ọ nínú ọkọ̀, lórí ọ̀nà gan-an, ju kí ó kà á nínú ìwé lọ. Láti Àjàṣẹ́, ẹ ó forí lé Òrò, Èsìẹ́ kò sì jìnnà mọ́. Gbogbo rẹ̀ kì í pé wákàtí méjì bí ọ̀nà bá dára.

Bí ẹ bá rí àwọn obìnrin Fúlàní tó gbé igbá wàrà lọ́nà, ẹ rà. Kí ọmọ Gánà àti ọmọ Kamẹrúùnù yẹn béèrè ohun tó mú mílíìkì náà dì. Omi ewé bọ̀mubọ̀mu ni, wọ́n á fún un sínú mílíìkì lórí iná, á sì dì bí ẹ ṣe ń wò ó. Èyí tó ṣì wà nínú omi rẹ̀ ló rọ̀ jù, èyí tí wọ́n dín ló pẹ́ jù lọ́wọ́.

Ó wá ku Èsìẹ́. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fi àsìkò yín sí.

Mùsíọ́ọ̀mù Èsìẹ́ ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ìyẹn ọdún méje kí ti Jọ́ọ̀sì tó ṣí. Àwọn ère tó wà níbẹ̀ ju 800 lọ, òkúta ni gbogbo wọn, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ àfọ́kù. Wọ́n ti wà nínú igbó níbẹ̀ tipẹ́, ará ìlú sì mọ̀ wọ́n, wọ́n ń tọ́jú wọn, kí òyìnbó kan tó ń bẹ ilé-ìwé wò fún ìjọ àwọn míṣọ́nnárì CMS, H.G. Ramshaw, tó ròyìn wọn fún àwọn aláṣẹ ìjọba ní 1933. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Ramshaw ló "ṣàwárí" wọn, ẹ rántí pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣọdún fún wọn kí ó tó dé. Ìtàn ìlú ní ọdẹ kan, Bàràgbọn, ló kọ́kọ́ rí wọn.

Irú òkúta tí wọ́n fi gbẹ́ wọn rọ̀. Ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ, èékánná lásán lè ha á. Ìyẹn ló jẹ́ kí ẹni tó gbẹ́ wọn lè fi ọ̀bẹ wẹ́wẹ́ ya irun orí àti ilà ojú sí i. Ìyẹn náà ló fà á tí a fi ní kí ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n: ọwọ́ èèyàn márùn-ún lóòjọ́, fún ọdún mẹ́wàá, á ti pa imú ère kan rẹ́.

Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe rèé. Ẹ bá olùtọ́nisọ́nà yí gbogbo rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí olúkúlùkù yan ère kan ṣoṣo, kí ó dúró níwájú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí fóònù wà nínú àpò. Ẹ wo irun rẹ̀, bí wọ́n ṣe dì í, ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Ẹ wo ilà ojú: ṣé ó jọ ilà tí ẹ mọ̀ níbì kankan? Ẹ wo ohun tó jókòó lé, torí púpọ̀ nínú wọn ló jókòó sórí àpótí roboto. Ẹ wo ọwọ́. Òmíràn di idà mú, òmíràn ní ọfà àti apó, òmíràn sì kàn gbé ọwọ́ lé orúnkún bí ẹni tó ń dúró de ìdáhùn. Nígbà kan, ọmọ onídìrí kan wà lára àwọn tí mo mú lọ. Látàárọ̀ ni kò ti sọ̀rọ̀. Nígbà tó dé iwájú ère obìnrin kan, ó na ọwọ́ sókè láìfọwọ́ kàn án, ó ń fi ìka tọ ipasẹ̀ irun náà nínú afẹ́fẹ́, ó ní, "Mà, ẹni tó ya èyí ti rí onídìrí lẹ́nu iṣẹ́ rí. Ó mọ ibi tí èèyàn ti ń mú un." Mo ti wo ère yẹn bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá kí ọjọ́ náà tó dé. Ojú mi kò rí i.

Ọ̀rọ̀ ti ọ̀rẹ́ yín tó ní ìtàn náà kò bọ́gbọ́n mu ńkọ́? Bí ìlú ṣe ń pa á ni pé àlejò ni wọ́n. Wọ́n wá láti ọ̀nà jíjìn, aáwọ̀ dé láàárín àwọn àti onílé, wọ́n sì di òkúta níbi tí wọ́n jókòó sí. Ẹnu àwọn tó ń sọ ọ́ kò kò lórí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dà bẹ́ẹ̀, ẹ sì lè gbọ́ ọ ní ọ̀nà méjì kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní tiwọn ti nawọ́ sí Ifẹ̀, sí Ọ̀yọ́ àti sí Tápà, kò sì sí èyí tí gbogbo wọn gbà pé ó gbẹ́ wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Phillips Stevens, ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n tó sì ń to àfọ́kù wọn ní 1965, ó sì tẹ odindi ìwé lórí wọn jáde ní 1978, síbẹ̀ ìbéèrè ta ló gbẹ́ wọn ṣì wà nílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń fi ìtàn ìlú ṣẹ̀sín kò ní òmíràn tó dájú láti fi rọ́pò rẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ó dákẹ́ gbọ́ ọ tán, kí ó wá bi ẹni tó ń sọ ọ́ pé, "Kí ni àwọn àlejò náà ṣe? Kí ni àwọn onílé ṣe?" Ìtàn nípa bí a ṣe ń gba àlejò ni. Ìwọ tí o ti Kétu wá, àti ọmọ Gánà yẹn, ẹ̀yin náà ni àlejò tó jókòó sí ìlú onílùú. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀, kí àwọn ọmọ Èkó méjì náà tó gbọ́ ọ.

Ẹni tó ní òun kò ní wọlé, ẹ má fi agbára mú un, ẹ má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ sọ òtítọ́ fún un. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé mùsíọ́ọ̀mù ìjọba ni, kò sẹ́ni tí yóò ní kí ó kúnlẹ̀, kí ó jẹ nǹkan, tàbí kí ó sọ ohun tí kò fẹ́ sọ. Òtítọ́ ibẹ̀ náà sì ni pé àwọn kan ní ìlú náà ṣì ń bọ̀wọ̀ fún àwọn ère yìí, wọ́n sì ń ṣọdún wọn lọ́dọọdún, kí ẹ má baà lọ sọ fún un pé òkúta lásán ni lójú gbogbo ayé. Mo ti mú ọmọ àáfáà débẹ̀, mo ti mú ọmọ pásítọ̀. Àwọn kan wọlé, wọ́n wò, wọ́n jáde, ìgbàgbọ́ wọn kò yẹ̀. Ẹnì kan dúró síta, ó bá ìyá ẹlẹ́pà sọ̀rọ̀ títí a fi jáde, òun náà ní ohun tó kọ́ lọ́jọ́ náà. Ohun tí n kò ní gbà ni kí ó wọlé kí ó wá máa sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí ohun tí onílé ń bọ̀wọ̀ fún.

Kí ẹ tó ya fọ́tò, ẹ béèrè. Bí wọ́n bá ní rárá nínú ilé, rárá ni. Ẹ sanwó ìwọlé, ẹ kọ orúkọ yín sínú ìwé àlejò, kí ẹ kọ Kétu, kí ẹ kọ ìlú àwọn yòókù ketekete. Aago méjì, ẹ wọkọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ẹ sùn díẹ̀ sí i. Ìlọrin kò béèrè ju ẹsẹ̀ àti ọ̀yàyà lọ.

Ìwọ tí o jẹ́ ọmọ Kétu, tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jẹ́ ohun tí o gbọ́njú bá, nǹkan kan wà tí yóò ṣàjèjì sí ọ níbí. Àwọn tó ń ki ìlú yìí ní, "Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn ju iyọ̀," wọ́n sì ní Ìlọrin kò léégún, ẹṣin leégún ilé wọn. Ìtàn ìlú náà wà nínú gbólóhùn kan yẹn. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò Ọ̀yọ́, ló kọ̀yìn sí Aláàfin. Ó pe Ṣéhù Àlímì, àáfáà Fúlàní, mọ́ra, kí ọ̀tẹ̀ tó bẹ́ láàárín òun àti àwọn tó kó jọ. Wọ́n pa á láàárín àwọn ọdún 1820, Abdulsalami ọmọ Àlímì sì di Ẹ́míà àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà ni ìlú Yorùbá yìí ti ń jẹ ọba Fúlàní. Ẹ́míà Ibrahim Sulu-Gambari tó wà lórí oyè láti 1995 wá láti ìdílé kan náà. Ìlú pín sí abẹ́ àwọn Balógun mẹ́rin: Àjíkọ̀bí, Àlánàmú, Gàmbàrí àti Fúlàní. Bí o bá ń rìn lọ, wàá gbọ́ orúkọ Tápà àti Bàrùbá pẹ̀lú. Bàrùbá tí ẹ̀yin mọ̀ ní Párákù náà ni.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Ọjà Ọba, níwájú ààfin àti mọ́ṣáláṣí ńlá. Ẹ má wọ ààfin láìjẹ́ pé ẹnì kan mú yín wọlé. Àwọn obìnrin inú yín, kí wọ́n fi ìborùn borí, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ ṣòkòtò péńpé. Láti ibẹ̀, ẹ ní kí wọ́n júwe Ìdí-Àpẹ́ fún yín, ní agbo ilé Bándélé, níbi tí òkúta ìlọ irin wà. Wọ́n ní ọdẹ kan tó ń jẹ́ Òjó ló máa ń pọ́n irin rẹ̀ lórí rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti mú orúkọ ìlú. Àwọn mìíràn ní Ìlú Erin ni. Òkúta náà kò tóbi, bí ẹ bá ń retí ohun ńlá, ojú yín lè kọjá lára rẹ̀. Ààrin ilé àwọn èèyàn ló wà, nítorí náà ẹ kágò, ẹ kí onílé, kí ẹ dúró kí wọ́n dáhùn. Òkè Sóbì, ẹ wò ó lókèèrè. Bárékè sójà wà lágbègbè ibẹ̀, n kò fẹ́ kí ẹ máa na fóònù sókè.

Ọ̀sán yín, ẹ fi fún Ẹbu Dada ní Òkèlele, níbi tí àwọn ìyá ti ń mọ ìkòkò. Bí ẹ ò bá rí ibòmíràn ní Ìlọrin, ẹ rí ibí yìí. Wọn kò lo ẹ̀rọ tó ń yí. Ìyá kan á dojú ògbólógbòó ìkòkò kan dé, á tẹ́ amọ̀ lé ìdí rẹ̀, á máa lù ú kí ó lè fẹ̀ kí ó sì dọ́gba. Nígbà tó bá yọ ọ́, tó fẹ́ mọ ẹnu rẹ̀, ìkòkò á jókòó, òun á tẹ̀ bá, á máa rìn yí i ká pẹ̀lú àkísà tútù lọ́wọ́, ẹ̀yìn-ẹ̀yìn, láìwo ilẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹnu ìkòkò náà á yí roboto bí ẹni pé wọ́n fi nǹkan wọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ ìrìn ẹsẹ̀ ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Tó bá gbẹ tán, wọ́n á kó wọn jọ, wọ́n á fi igi àti koríko gbígbẹ bò wọ́n, wọ́n á finá sí i. Bí ó ṣe ń jáde nínú iná, gbígbóná, ni wọ́n ń wọ́n omi èèpo irúgbá sí i lára, ẹ ó gbọ́ ọ tó ń dún ṣàà, ẹ ó rí àwọ̀ pupa tó ń di dúdú lójú yín.

Ẹ má lọ dúró lórí wọn kí ẹ máa ya fọ́tò. "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá" ló ṣáájú. Ẹ jókòó tí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó. Wọ́n á bi ọ́ níbi tí o ti wá. Sọ Kétu fún wọn, kí o fi èdè Kétu rẹ gan-an sọ̀rọ̀, má ṣe fi ti Ìlọrin bò ó. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí o tún un sọ, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ Èkó yẹn, kí wọ́n máa túmọ̀ fún àwọn méjì tí kò gbọ́ Yorùbá. Ìwọ máa bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ lọ.

Níbẹ̀ náà ni kí o ti ra ti ìyá rẹ. Wàrà kò ní dé Kétu. Aṣọ òfì Ìlọrin dára púpọ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ lè ju ti akẹ́kọ̀ọ́ lọ, fi ìyẹn sílẹ̀ di ọjọ́ tí o bá gboyè. Ra ìkòkò ọbẹ̀ kékeré tó ní ọmọrí. Kí o tó sanwó, gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ kan, kí o fi oríkèé ìka kan án. Bí ó bá dún gooro, ó pé. Bí ó bá dún bòbò, ó ti sán níbì kan tí ojú kò rí, dá a padà pẹ̀lú ẹ̀rín kí o mú òmíràn. Ki aṣọ sínú rẹ̀, fi ìró wé e, má sì jẹ́ kí wọ́n gbé e sí bùútù. Orí itan rẹ ni kí ó wà títí dé Kétu. Kí ìyá rẹ rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú kí ó tó gbé e kaná.